Ta ló fi adájọ́ ṣe ọ̀gá aṣòfin? Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ SS2 kan

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣèjọba nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ń ṣàlàyé ẹ̀ka ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún kíláàsì SS2 ni ọmọbìnrin kan, ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀, bá nawọ́ sókè. Ó ní: "Sà, àwa là ń dìbò yan aṣòfin. Ẹnikẹ́ni ò dìbò yan adájọ́. Kí ló wá dé tí adájọ́ fi lè wọ́gi lé òfin tí aṣòfin ṣe? Ṣé adájọ́ ló ni ìlú ni?" Olùkọ́ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin wí. Nígbà tó délé, ìdáhùn náà ò tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn, ló bá ní kí n bá òun là á yé ọmọ náà.

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́, sà. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Àwọn àgbà amòfin ti ń fa ohun tó béèrè yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ, ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán nílẹ̀. Mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di lọ́yà ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òfin fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ọdún tí ẹnì kan kì í béèrè é nínú kíláàsì mi. Òótọ́ lẹ sọ pé ìwé òfin wí bẹ́ẹ̀. Abala 1 ìwé òfin 1999, ẹsẹ kẹta, sọ pé òfin yòówù tó bá tako ìwé òfin náà, òfo ló já sí. Abala 4, ẹsẹ kẹjọ, ní aṣòfin ò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò gba agbára lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ò béèrè ohun tí ìwé wí. Ó ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ìwé wí bẹ́ẹ̀.

Ìbàdàn ni mo fẹ́ gbé e gbà, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣojú wa.

Ní ìparí ọdún 2005, aṣòfin 32 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn 18 fẹ́ yọ Gómìnà Rashidi Ladoja nípò, àwọn 14 ní àwọn ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, àwọn 18 náà ṣe ìpàdé tiwọn. Wọn ò ṣe é nílé ìgbìmọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road ni wọ́n ti jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé ìwé ẹ̀sùn dìde. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2006, wọ́n kéde pé gómìnà ti kúrò lórí àga, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀, Adebayo Alao-Akala, rọ́pò rẹ̀.

Abala 188 ìwé òfin ló sọ bí a ṣe ń yọ gómìnà. Ó ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìwádìí tó lè bẹ̀rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àbọ̀ ìwádìí. Ẹ mú 32, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ẹ wá mú méjì nínú rẹ̀. Ẹ ó rí 21 àti díẹ̀. A kì í gé aṣòfin sí méjì, nítorí náà 22 ni iye tó yẹ. Àwọn tó wà nílẹ̀, 18 ni wọ́n. Lọ́dún yẹn, kò sí ibi tí lọ́yà méjì ti pàdé ní Ìbàdàn tí wọn ò ní ṣe ìṣirò yìí, lórí ẹ̀yìn fáìlì, lórí ìwé ìléwọ́, nígbà míì pẹ̀lú ìka. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Síbẹ̀, ó di ẹjọ́ títí ó fi dé Àbújá.

Ohun tó gbé e dé Àbújá ni ẹsẹ kẹwàá nínú abala 188 yẹn kan náà. Ẹsẹ náà ní kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó gbọdọ̀ dá sí ohun tí aṣòfin bá ṣe lórí ìyọnípò gómìnà. Ó ṣe kedere bí ọ̀sán. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn kà á, ó ní òun ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá o. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè sẹ́yìn kòtẹ́milọ́rùn. Bí wọ́n ṣe rò ó rèé: ẹsẹ kẹwàá ń dáàbò bo ìyọnípò tó bá tẹ̀lé ẹsẹ kìíní títí dé ìkẹsàn-án. Èyí tí kò bá tẹ̀lé wọn kì í ṣe ìyọnípò, kò sì sí ohun tí ẹsẹ kẹwàá fẹ́ dáàbò bò níbẹ̀. Ladoja padà sórí àga lóṣù yẹn kan náà, lẹ́yìn oṣù 11.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín: nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta ló dúró fún àwọn ará ìlú? Àwọn 18 yẹn, ìbò ló gbé wọn wọlé. Àwọn adájọ́ yẹn, kò sí ará Ìbàdàn kan tó tẹ̀ka fún wọn. Ṣùgbọ́n ará ìlú kan náà tó dìbò yan àwọn 18 ló dìbò yan àwọn 14, òun náà ló dìbò yan gómìnà. Ìdí tí òfin fi béèrè 22 ni kí ìwọ̀nba èèyàn kan má baà wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan lọ fọwọ́ rọ́ ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adájọ́ ò sọ pé Ladoja ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Kíkà ni wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò ará Ọ̀yọ́ ló jàre.

Bí mo bá dúró síbí, màá ti rẹ́ ọmọ yín jẹ, nítorí èyí tó rọrùn nìyẹn. Adájọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìdíje, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń yan èèyàn sípò àti bí a ṣe ń yọ ọ́, kò le láti gbèjà. Ibi tó ti le ni ìgbà tí kò sí ẹni tó rú òfin ìdíje kankan, tí aṣòfin tàbí ìjọba tí a dìbò yàn ṣe ohun tó dá a lójú pé ó dára fún ìlú, tí adájọ́ wá ní ó tẹ ẹ̀tọ́ ẹnì kan lójú.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó. Ní 1979, ará Èkó dìbò fún Lateef Jakande àti ẹgbẹ́ UPN. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló wà lórí àsíá wọn, kò sì sí ẹni tó dìbò fún wọn tí kò mọ̀. Ní oṣù Kẹta 1980, ìjọba rẹ̀ fi ìwé ìkéde jáde pé kò ní sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní Èkó: kí gbogbo ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ìjọba, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ jókòó. Anthony Okogie, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì l'Ékòó nígbà náà, àti àwọn míì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ó ní abala òmìnira láti ní èrò àti láti fi èrò ẹni kọ́ ẹlòmíràn wà nínú ìwé òfin 1979, pé dídá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún ní àfojúsùn ìjọba tó wà ní orí kejì ìwé òfin ò lè borí ẹ̀tọ́ tó wà ní orí kẹrin.

Mo mọ àwọn àgbà méjì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n fún ara wọn, tí wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹjọ́ yìí títí di òní. Ilé ìwé ìjọ ni ọ̀kan lọ, ó ní bí kì í bá ṣe adájọ́ ni, ìjọba ì bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Èkejì ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ọmọ Nàìjíríà sí méjì, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé olówó iyebíye àti ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn méjèèjì. Olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn ọmọ tálákà. Ẹ wá wò ó: nígbà tí irú àwọn èèyàn báyìí bá takora, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ adájọ́ ìwọ̀nba kan fi gbọ́dọ̀ borí ti gbogbo Èkó tó ti tò sórí ìlà lọ dìbò?

Ibí yìí gan-an ni Jeremy Waldron dúró sí. Ọmọ New Zealand ni, ó ń kọ́ni ní yunifásítì New York, àròkọ rẹ̀ tó gbé jáde lọ́dún 2006 ni mo sì máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà ṣíwájú ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní a kì í jiyàn pé ẹ̀tọ́ wà. Gbogbo wa la gbà pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, láti sin Ọlọ́run bó ṣe fẹ́. Ibi tí ẹ̀tọ́ náà parí sí la ti ń jiyàn, ìjà láàárín àwọn tí ọkàn wọn mọ́ sì ni. Nígbà tí ìjà bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó fi ọ̀wọ̀ ọgbọọgba fún gbogbo èèyàn ni ká ka ohùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kó o fún adájọ́, a ti sọ fún aláta, fún awakọ̀, fún olùkọ́ pé èrò wọn lórí ẹ̀tọ́ tiwọn ò wúwo tó ti ẹni tó wọ aṣọ dúdú.

Ó tún fi kún un, ohun tó sọ yìí sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í gbàgbé: adájọ́ náà ń dìbò. Mẹ́sàn-án ni adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Tí èrò wọn ò bá ṣọ̀kan, wọn kì í fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yanjú rẹ̀, orí ni wọ́n ń kà. Márùn-ún borí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ń borí ìwọ̀nba níbẹ̀ náà, àfi pé àwọn mẹ́sàn-án nìkan ló ní káàdì ìdìbò.

Ohun tí èyí lè dà ti hàn ní New York. Ní 1895, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ búrẹ́dì ò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 10 lọ lójúmọ́, tàbí 60 lọ́sẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì wà nígbà náà, lábẹ́ ilé tí èèyàn ń gbé: ooru ààrò, eruku fúláwà tó ń wọ imú, àjà tó rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kò ráyè wọlé. Òfin yẹn fẹ́ kí wọ́n lè jáde síta mí. Ní 1905, nínú ẹjọ́ Lochner, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e. Márùn-ún sí mẹ́rin. Wọ́n ní ó tẹ òmìnira lójú, òmìnira òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ láti jọ ṣàdéhùn wákàtí tó bá wù wọ́n. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n pè é. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, irú èrò yìí ni wọ́n fi ń dí ọ̀pọ̀ òfin tó fẹ́ ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé adájọ́ ni alábòójútó àwọn aláìní, kí ó béèrè nípa àwọn aṣebúrẹ́dì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ti Waldron pátápátá o. Ronald Dworkin, àgbà amòfin ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 2013, lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti sọ òdìkejì rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kíka orí nìkan kọ́ ni ìjọba àwa-ara-wa. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́wàá bá jọ da owó ra ilẹ̀, tí àwọn mẹ́sàn-án wá dìbò pé kí wọ́n ta ìpín ẹni kẹwàá, mẹ́sàn-án sí ọ̀kan ni ìbò náà, síbẹ̀ olè ni. Ìbò ọ̀pọ̀ ò lè de ẹnì kan àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kà á mọ́ ara wọn. Àkójọ ẹ̀tọ́ ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí láti ka èèyàn mọ́ ara ẹni, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí àkójọ ẹ̀tọ́ wa ṣe wáyé gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí àwa Yorùbá máa rántí rẹ̀. Ní 1957, nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé, àwọn ẹ̀yà kéékèèké sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Willink láti wádìí rẹ̀. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn tí kì í ṣe Ìgbò sọ tiwọn, àwọn ará Àríwá tí kì í ṣe Hausa sọ tiwọn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ará Bìní, Urhobo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wá sọ pé àwa gan-an, àwa Yorùbá, ni àwọn ń bẹ̀rù. Bí wọ́n ṣe ka orí títí, a ó máa pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n béèrè ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958, kò fún wọn ní ìpínlẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ sínú ìwé òfin. Ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbà pé irú abala bẹ́ẹ̀ ṣòro láti mú ṣẹ, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ló di orí kẹta ìwé òfin òmìnira 1960, tó di orí kẹrin nínú tòde òní. Ẹni tí kò lè wọlé ìbò láéláé ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Tí mo bá dé ibí yìí nínú kíláàsì, ẹnì kan á sọ pé: ó dáa, kí adájọ́ máa ṣọ́ aṣòfin, ta ló ń ṣọ́ adájọ́? Àwa ti mọ ìtàn yẹn látilẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlú ò dìbò yan Ọ̀yọ́ Mèsì, síbẹ̀ àwọn ló lè sọ fún Aláàfin pé ìlú kọ̀ ọ́, Baṣọ̀run ló sì máa ń gbẹnu wọn sọ ọ́. Ètò tó dára ni, ó ń dá ọba lẹ́kun. Títí Gáà fi di Baṣọ̀run ní nǹkan bí 1754. Ó sọ àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ di tirẹ̀ nìkan, ọba ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú ń sanwó òde fún àwọn ọmọ rẹ̀, títí Abíọ́dún fi pa á ní 1774. A ń fi ikú rẹ̀ kìlọ̀ fún òṣìkà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ti ètò ìlú: agbára tí a gbé kalẹ̀ láti dá ọba dúró, tí kò sí ohun tó ń dá òun náà dúró.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti wá ọ̀nà àárín. Waldron ò ṣàdédé rò ó, ìlú rẹ̀ ni New Zealand: àkójọ ẹ̀tọ́ wọn ti 1990 sọ ọ́ ní gbangba pé adájọ́ ò lè fi í wọ́gi lé òfin kankan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1998, adájọ́ lè kéde pé òfin kan tako ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n òfin náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí aṣòfin fi máa yí i padà. Ẹ ò ní gbà pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè rí nǹkan ṣe, àbí? Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí wọ́n lè ti àlejò tí wọ́n bá fura sí mọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́, wọ́n kó àwọn kan sí ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Ní oṣù Kejìlá 2004, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án kéde pé ó tako ẹ̀tọ́. Wọn ò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wọn ò lè tú wọn sílẹ̀. Ní 2005, àwọn aṣòfin fúnra wọn pa òfin yẹn tì, wọ́n ṣe òmíràn tí kò le tó o.

Èyí tó wù mí jù ni ti Kánádà. Ìwé ẹ̀tọ́ wọn ti 1982 fún adájọ́ lágbára láti wọ́gi lé òfin, ṣùgbọ́n abala 33 rẹ̀ jẹ́ kí aṣòfin lè dìde sọ pé: a gbọ́, síbẹ̀ a fẹ́ kí òfin yìí dúró. Kò lè dúró ju ọdún 5 lọ kí wọ́n tó tún un sọ. Láàárín ọdún 5 yẹn ìdìbò gbọ́dọ̀ ti wáyé, ará ìlú á sì ti rí ẹni tó tẹ ẹ̀tọ́ lójú. Wọ́n ṣe ohun kan tó jọ mí lójú níbẹ̀: abala 33 ò kan ẹ̀tọ́ láti dìbò. Aṣòfin lè bá adájọ́ jiyàn lórí ohun púpọ̀, àmọ́ kò lè fi ọwọ́ kan ohun tí a fi ń yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò. Ní 1988, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún sọ pé aṣòfin ò lè lo abala náà sẹ́yìn. Ọjọ́ iwájú nìkan ni.

Àwa mọ ohun tí "sẹ́yìn" yẹn lè ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 1962, aṣòfin 66 nínú 124 ní Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ Akintola, olórí ìjọba agbègbè náà, mọ́. Ọọ̀ni Adesoji Aderemi, tó jẹ́ gómìnà, yọ ọ́, ó fi Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì dá Adegbenro láre ní oṣù Karùn-ún 1963. Kí inkì tó gbẹ, ilé aṣòfin ní Ìbàdàn ti tún ìwé òfin agbègbè ṣe, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, bí ẹni pé ìdájọ́ yẹn ò wáyé rí. Ohun tó tẹ̀lé e ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn òbí wa tó rí i ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí èmi dúró sí. Waldron fúnra rẹ̀ fi májẹ̀mú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń fi orúkọ rẹ̀ jiyàn kì í sì í ka ibẹ̀. Ó ní àlàyé òun dúró níbi tí ìdìbò àti ilé aṣòfin bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí àwọn ará ìlú sì ka ẹ̀tọ́ sí nǹkan gidi. Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé agbára adájọ́ gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò bí ilé aṣòfin bá ṣe ń jẹ́ ti ará ìlú sí. Níbi tí ìbò kò ti ní jìbìtì nínú, kí adájọ́ rọra. Níbi tí aṣòfin 18 ti ń ṣe iṣẹ́ 22 ní òtẹ́ẹ̀lì, kí adájọ́ má rọra rárá. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé mo gbè sẹ́yìn ilé ẹjọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ladoja, tí ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí ti Okogie, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé aládàáni lèmi náà kọ́kọ́ lọ.

Ìdí kan náà ni mi ò fi fara mọ́ ìdájọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2007, tó sọ Rotimi Amaechi di gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí ilé ẹjọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Amaechi ò bá wọn dé ọjọ́ ìbò. Ilé ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ ni ará ìlú ń dìbò fún, kì í ṣe èèyàn. Lójú tèmi, ìdìbò tuntun ló yẹ kí wọ́n pè. Ẹni tó ń ṣọ́ òfin ìdíje ti bọ́ sórí pápá níbẹ̀. Àwọn aṣòfin dáhùn: nínú òfin ìdìbò 2010, wọ́n kọ ọ́ sí abala 141 pé a ò gbọdọ̀ kéde ẹni tí kò kópa nínú gbogbo ìpele ìdìbò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọlé. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Bí ó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn, kí adájọ́ sọ̀rọ̀, kí aṣòfin fèsì.

Ọmọ yín lè sọ pé ìwé òfin fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ló dìbò fún un? Kò sí. Ìjọba ológun ló fi àṣẹ 24 ọdún 1999 gbé e jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Àwa ará ìlú". Ohun tó ń dun ni gidi ni, kò sì sí àlàyé ìjìnlẹ̀ òfin tó lè bò ó. Ẹ má bò ó fún un.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ kà fún kíláàsì náà, nítorí ó kàn wọ́n. Abala 18 ìwé òfin ní ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Orí kejì ló wà, abala 6 ẹsẹ kẹfà sì ti sọ pé adájọ́ ò lè fi tipátipá mú orí kejì ṣẹ. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló jẹ́. Nígbà tó di 2004, àwọn aṣòfin ní Àbújá ṣe òfin UBE, tó sọ ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS3 di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé nítorí òfin yẹn, ọmọ Nàìjíríà lè fi ẹ̀kọ́ náà pe ìjọba lẹ́jọ́. Adájọ́ ò lè dá a ṣe kó tó di 2004, aṣòfin ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn náà dúró ní JSS3. Ọmọ yín wà ní SS2, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n nà án dé SS3, kí ó má wá sọ́dọ̀ lọ́yà bí èmi. Ẹ bá a wá orúkọ ẹni tó ń ṣojú Ìwó nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùújá, kí òun àti kíláàsì rẹ̀ jọ kọ lẹ́tà náà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi.